Mobile, Alabama: ta ló mọ ibẹ̀ dáadáa? Ọkọ mi ríṣẹ́ síbẹ̀, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀

Ìyá Ìbejì Houston:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé Mobile, Alabama nínú yín, tàbí tó ti gbébẹ̀ rí? Ọkọ mi ríṣẹ́ síbẹ̀, níbi tí Airbus ti ń to bàálù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ bàálù náà ló ń ṣe tipẹ́, wọ́n sì fẹ́ kó wọlé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Owó náà dáa. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí apá wa ò lè ká ní Houston níbí, tí mo bá wo iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ lórí fóònù, apá wa á ká a dáadáa.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ibi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn tì í pa ni. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wọn, wọ́n pè wọ́n sí mítíìnì láàárọ̀, nígbà tó máa di ọ̀sán ó ti ń kó ẹrù ẹ̀ sínú páálí. Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ ará Alabama wá ní Mobile ti jẹ irú ìyà yẹn rí, pé bárékè àwọn sójà òfuurufú kan wà níbẹ̀ láyé ọjọ́sí, ìjọba tì í pa, ìlú sì dojú dé, àti pé ibi tí Airbus wà lónìí gan-an ni bárékè yẹn wà. Látìgbà tó ti sọ ọ́ fún mi ni mi ò ti sùn dáadáa.

Gbogbo ohun tí mo rí tí mo bá wá a kiri ni òjò, ìjì líle, Mardi Gras (ayẹyẹ ìgboro tí wọ́n máa ń ṣe ṣáájú Lẹ́ǹtì) àti Africatown. Mo fẹ́ mọ irú ìlú tó jẹ́ gan-an. Kí ló ń bọ́ wọn? Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ibo lèèyàn lè gbé pẹ̀lú ọmọdé? Ṣé iṣẹ́ ibẹ̀ á dúró, àbí a tún máa palẹ̀ mọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i? Nọ́ọ̀sì lèmi, ẹ bá mi fi ti ọsibítù náà kún un. Ẹ ṣeun o.

Màmá Tómi:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Apá ìwọ̀-oòrùn Mobile lèmi ń gbé, nọ́ọ̀sì náà ni mí, torí náà ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè yé mi dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ló ni ìlú yìí. Odò Alabama àti odò Tombigbee ń bọ̀ látòkè, wọ́n pàdé lókè Mobile wọ́n di odò Mobile, kò wá pẹ́ tí wọ́n tún fi yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Tensaw, Spanish, Apalachee, Blakeley, gbogbo wọn ń wọ́ bọ̀ nínú irà àti igbó tí ọ̀nì kún bámúbámú, títí wọ́n á fi já sínú ọ̀sà tó gùn tó nǹkan bí máìlì 30 kó tó kan òkun. Tẹ́ ẹ bá dúró sórí afárá tó wà láàárín ẹ, ẹ ò lè gbà pé omi yẹn ò jìn, àmọ́ ibi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ.

Mobile wà létí ọ̀sà lápá ìwọ̀-oòrùn. Lódìkejì ni Spanish Fort, Daphne àti Fairhope wà, káúńtì Baldwin nìyẹn. Ní ìkànìyàn 2020, àwọn tó wà nínú ìlú Mobile gangan jẹ́ 187,041, gbogbo káúńtì Mobile jẹ́ 414,809, Baldwin náà jẹ́ 231,767, Baldwin yẹn ló sì ń sáré dàgbà jù. Ní 2023 ni àwọn àdúgbò kan lápá ìwọ̀-oòrùn dìbò pé àwọn fẹ́ wọnú ìlú Mobile, bí àwọn èèyàn ìlú ṣe tún ju 200,000 lọ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Brookley, ibi tí Airbus wà, lọkọ yín á ti máa ṣiṣẹ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹwà Fairhope kó yín lọ o. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ lẹ máa gba orí omi kọjá, ẹ ó sì gba tọ́nẹ̀lì I-10 tó wà lábẹ́ odò, èyí tí wọ́n ṣí ní 1973, lénì méjì lọ, lénì méjì bọ̀. Tí mọ́tò kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ẹ̀ á gùn dé orí afárá. Nígbà ọlidé wá ńkọ́, gbogbo àwọn tó ń lọ sí etíkun Florida ló ń gba ibẹ̀. Ohun kan tún wà nípa Fairhope tí àwọn tó ń ta ilé kì í tètè sọ: àwọn tó dá ìlú yẹn sílẹ̀ ní 1894 gbà pé ilẹ̀ ò yẹ kó jẹ́ tẹnì kan ṣoṣo, àwùjọ ni kó ni ín, kéèyàn máa san owó orí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ṣì ní ilẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ lè ra ilé kí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí wọ́n fún yín ní ìwé ọdún 99. Kò burú, ẹ ṣáà kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Fún ti àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbé Saraland lápá àríwá, ó ní ìgbìmọ̀ sùkúù tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2008. West Mobile tèmi náà dáa, ilé pọ̀, àmọ́ mọ́tò lẹ máa fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Òjò: ó ju ínǹṣì 60 lọ lọ́dún. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí á mọ irú òjò yẹn, òjò tó ń dà bí ẹni tó ń da korobá, lẹ́yìn wákàtí kan oòrùn ti yọ. Ìjì líle ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Frederic ní 1979 gbé afárá tó lọ sí erékùṣù Dauphin lọ, Katrina ní 2005 ti omi ọ̀sà wọ àárín ìlú, Sally ní 2020 ba Baldwin jẹ́ gan-an. Torí náà, kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnnì wọn rárá, ẹ bèèrè nípa òrùlé. Ètò kan wà ní Alabama tí ìjọba fi ń ran onílé lọ́wọ́ láti fi òrùlé tó lè dúró níwájú ìjì sórí ilé, Strengthen Alabama Homes ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fún onílé ní owó tó tó 10,000 dọ́là, òfin sì ní kí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì dín owó kù fẹ́ni tó bá ní in. Ìnṣọ́ránsì omíyalé lọ́tọ̀ nìyẹn o, kò sí nínú ti ilé.

Ti iṣẹ́ tiwa: University of South Alabama tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963 ní ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa jù lọ ní gbogbo agbègbè yìí wá. Mobile Infirmary náà wà. Ẹ ò ní wáṣẹ́ tì.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé wàhálà nìkan ló wà níbí. Lápá ìlà-oòrùn ọ̀sà yẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ wá jẹ́jẹ́ láti ìlà-oòrùn, tí omi sì ń wọlé, omi ìsàlẹ̀ tí kò ní atẹ́gùn mọ́ á ti gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà nísàlẹ̀ wá sétí ilẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Jubilee ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí láago mẹ́rin òru, mo wakọ̀ lọ sí Daphne, mo bá alákàn tí wọ́n gun orí ara wọn létí omi, edé ń ta pọ́ún pọ́ún, ẹja pẹlẹbẹ sùn gbalaja bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní, àwọn èèyàn nínú aṣọ àwọ̀sùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti korobá. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí bu alákàn kún korobá mi torí pé ó rí i pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un.

Ọmọ Bantè:

Ẹ kú àsọyé, Màmá Tómi. Atlanta lèmi wà, àmọ́ mo máa ń lọ sí Mobile, torí pé ọmọ Bantè ni ìyá mi, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo máa dé ibi tó kàn mí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín nípa bóyá iṣẹ́ á dúró, ìtàn ìlú yẹn ló máa dá yín lóhùn. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1702, àwọn ọmọ ìyá méjì, Iberville àti Bienville, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ sókè odò, omi bò ó, wọ́n wá kó o wá síbi tó wà lónìí ní 1711. Olú ìlú gbogbo ilẹ̀ Louisiana ti Faransé ló jẹ́ nígbà yẹn, New Orleans ò tíì sí láyé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn làwọn kọ́kọ́ ṣe Mardi Gras, láti 1703. Lẹ́yìn ìyẹn ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1763, Spéènì gbà á ní 1780, Amẹ́ríkà gbà á ní 1813.

Òwú ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Gbogbo òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn láàárín Alabama, odò méjèèjì yẹn ló ń gbé e wálẹ̀ wá sí Mobile. Títí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fi bẹ́, New Orleans nìkan ló ń kó òwú jáde jù ú lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ wá wo ohun tí Màmá Tómi sọ pé ọ̀sà ò jìn: ọkọ̀ òkun ńlá ò lè dé ìlú, nísàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n ń dúró, ọkọ̀ kéékèèké ló ń gbé òwú lọ bá wọn. Nígbà tí ogun dé, ní oṣù kẹjọ 1864, ọ̀gágun Farragut ti apá Àríwá wọ ẹnu ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ ogun ẹ̀, ó tì í pa, òwú ò rọ́nà lọ mọ́. Ní oṣù karùn-ún 1865, tí ogun ti parí, ilé tí wọ́n kó ẹ̀tù sí bú gbàmù, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, apá àríwá ìlú sì jóná. Ìlú tó gbára lé nǹkan kan ṣoṣo, nǹkan náà lọ, ó pẹ́ gan-an kó tó tún gbérí.

Ó wá kan èyí tó jẹ́ tiwa. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kẹ́nikẹ́ni má kó ẹrú wọlé láti Áfíríkà mọ́. Ní 1860, olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó o wọlé kò sí ohun tí wọ́n máa ṣe fóun. Ó rán William Foster lọ sí Ouidah, èbúté kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ Clotilda. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba Glèlè, kọlu ìlú kan lápá Bantè nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, wọ́n pa àgbà, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, Kossola, ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 19. Ìṣà ni, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Àwọn bí 110 ló kó sínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n wọ ọ̀sà Mobile lóru ní oṣù keje, Foster kó wọn kúrò nínú ẹ̀, ó sì dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí ẹ̀rí má bàa sí. Kò sẹ́ni tó fẹ̀wọ̀n jura nítorí ẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ẹrú. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ lọ, owó ọkọ̀ ò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń ta ewébẹ̀, wọ́n ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, lápá kan lọ́wọ́ àwọn Meaher fúnra wọn. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti sùkúù, wọ́n ní òfin tiwọn. Ẹ wá gbọ́ o: ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí, Gumpa, ará Dàhòmì ni. Ọmọ ìlú tó kó wọn lẹ́rú ni, òun náà bá ara ẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì fi í jẹ olórí. Mo ti rò ó títí, mi ò tíì rí ìlú míì tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kossola wà láyé títí di 1935, àwọn òyìnbó mọ̀ ọ́n sí Cudjo Lewis.

Africatown nìyẹn. Nígbà tó gbilẹ̀, èèyàn bí 12,000 ló wà níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Iléeṣẹ́ pépà ńlá wá láti nǹkan bí 1928, ó ń fún wọn níṣẹ́, ó sì ń da eérú sórí aṣọ tí wọ́n sá síta, International Paper ti ilẹ̀kùn tiẹ̀ pa ní 2000, iṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí kù sílẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ lọ́yà. Afárá ńlá tí wọ́n parí ní 1991 gba àárín ìlú wọn kọjá, ó wó àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn. Tọ́nẹ̀lì tí Màmá Tómi sọ yẹn sì rèé, wọn ò jẹ́ kí trélà tó gbé nǹkan tó lè bú gbàmù gba inú ẹ̀, afárá Africatown ni wọ́n ń darí wọn gbà.

Wọ́n rí Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2019. Ní oṣù keje 2023 wọ́n ṣí ilé ìtàn síbẹ̀, Africatown Heritage House, pákó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ náà wà nínú omi nínú gíláàsì. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kó àwọn ìbejì lọ, ẹ bá wọn sọ Yorùbá níbẹ̀.

Wẹ́dà Prichard:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, wẹ́dà ni mí, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn lórí bárékè yẹn, torí òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì kù.

Brookley ni bárékè náà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ibẹ̀ àti àwọn ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ló fa gbogbo èèyàn wá sí Mobile, ilé ò tó, àwọn kan ń sùn ní tọ́ọ̀nù, ẹni tó jí dìde á fún ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀dì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní erékùṣù Pinto, wọ́n ń pè é ní ADDSCO, ó tó nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1943, wọ́n gbé wẹ́dà aláwọ̀ dúdú 12 sípò ti wẹ́dà tó mọṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ funfun gbé irin àti ọ̀pá, wọ́n lu gbogbo aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá níbẹ̀. Ohun tí ìjọba fi parí ẹ̀ ni pé wọ́n ya ibi mẹ́rin tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú nìkan. Mo máa ń rántí àwọn 12 yẹn tí mo bá dé nǹkan ìbòjú mi. Iṣẹ́ tí wọ́n lù wọ́n lé lórí ni mò ń ṣe jẹun.

Ní 1964 ni ìjọba kéde pé àwọn máa ti Brookley, wọ́n tì í pátápátá ní 1969. Òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ìlú bí Mobile, kí irú iye bẹ́ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn ilé tí mo mọ̀ lápá ibẹ̀, ìyá àgbà ló kù nínú wọn, ọmọ wọn ti lọ sí Texas, ibẹ̀ lẹ̀yin náà wà yẹn. Ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ ìlú, pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, ọ̀nà ojú irin wà, èbúté wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí nǹkan ńlá kan níbẹ̀. Airbus kéde ní 2012, wọ́n ṣí i ní oṣù kẹsàn-án 2015, bàálù àkọ́kọ́ jáde fún JetBlue, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, ní 2016, wọ́n fi irú bàálù míì, A220, kún un, ní 2025 wọ́n tún ṣí ìlà kejì fún irú A320 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bi ara yín pé kí ló gbé wọn wá. Ara bàálù ń bọ̀ láti Jámánì àtàwọn ibòmíì ní Yúróòpù nínú ọkọ̀ òkun, ó gúnlẹ̀ ní Mobile, wọ́n fi trélà gbé e lọ sí Brookley, ó ṣe díẹ̀, ó fò kúrò níbẹ̀. Tí èbúté ò bá sí, kò sí Airbus. Èbúté yẹn náà ló ń gbé gbogbo wa. Èédú láti àárín Alabama ń gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ irin. Ní 2008 wọ́n ṣí ibùdó kọ̀ǹtéénà. Ọ̀sà tí kò jìn yẹn, wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ sínú ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 50, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ní 2025 ni, ọkọ̀ tó ń dúró nísàlẹ̀ láyé òwú ti ń wọlé tààrà báyìí.

Ní ti iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn tiwa, Austal wà, àwọn ará Australia ló ni ín, wọ́n dé ní 1999, wọ́n ń fi alumíníọ̀mù kan ọkọ̀ ogun fún ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kàn án náà láti 2022. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó nǹkan bí 3,000. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni mo wà o. Calvert náà wà lókè, ThyssenKrupp ti Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ irin síbẹ̀, ó ná wọn tó nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, wọ́n ṣí i ní 2010, kò ju ọdún mẹ́rin lọ wọ́n ti tà á ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti díẹ̀ fún ArcelorMittal àtàwọn ará Japan. Àwọn tó kọ́ ọ pàdánù, àmọ́ iná ò kú níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú. Láyé Brookley, ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà, nígbà tó lọ, ó parí. Lónìí ọ̀gá pọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀gá pọ̀ lóòótọ́, kò sí èyí tó jẹ́ ará Mobile nínú wọn. Tí Washington bá dín ọkọ̀ ogun kù, àwa la máa kọ́kọ́ mọ̀. Tí àwọn tó ń ra bàálù bá dá ọwọ́ dúró, ọkọ yín á mọ̀. Ẹ sì wo Prichard tí mò ń gbé, ìlú tó bá Mobile pààlà, àwọn iléeṣẹ́ pépà kú, owó orí dín kù, ìjọba ìlú wọ gbèsè ní 1999, ó tún wọ̀ ọ́ ní 2009, wọ́n sì dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìlú dúró pátápátá. Àwọn panápaná tó ti sìn ní gbogbo ayé wọn. Àárín ibẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń to bàálù tuntun ò ju máìlì díẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Houston:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin Bọ̀dá mi àti Àǹtí mi. Mo kà á fún ọkọ mi, ó ní kí n tún un kà. Ọ̀rọ̀ àwọn wẹ́dà 12 yẹn àti ti Gumpa ò kúrò lọ́kàn wa.

Ìbéèrè méjì ló kù. Bọ̀dá Wẹ́dà, ẹ ní èbúté ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Ṣé kò wá túmọ̀ sí pé nǹkan kan ṣoṣo náà ṣì ni, tí ìjì ńlá bá wá bà á jẹ́ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kejì, Ọmọ Bantè, ṣé àwọn Yorùbá wà ní Mobile tó pọ̀ tó kí àwọn ọmọ mi má bàa sọ èdè nù?

Wẹ́dà Prichard:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Ìyá Ìbejì, ẹ ò sì jìnnà sóòótọ́. Wọ́n ti gbìyànjú láti má gbára lé ẹnu omi nìkan. Ní 1985 ni wọ́n ṣí ọ̀nà omi Tennessee-Tombigbee, odò àtọwọ́dá tó gùn ní máìlì 234, ó ná ìjọba tó nǹkan bí bílíọ̀nù méjì dọ́là, pé kí ẹrù Tennessee máa gba Mobile jáde dípò Mississippi. Ẹrù tí wọ́n retí ò wá tó bẹ́ẹ̀ rí. Torí náà òkun la ṣì ń wò. Ti ìjì, Katrina ti omi wọ èbúté, kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́, torí pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, gbogbo Alabama ló sì nílò ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan lè kó lọ sí Mexico, odò ò lè kó lọ. Èmi gbà pé ìpìlẹ̀ tó dáa nìyẹn, ó dáa ju bárékè lọ.

Ọmọ Bantè:

Àwọn tiwa ò pọ̀ bíi ti Houston, ẹ má retí ẹ̀. Dókítà wà, àwọn olùkọ́ wà ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Houston àti Atlanta lẹ máa ti máa ra èlùbọ́. Fún èdè, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é nílé. Kossola pẹ́ tó ọdún márùndínlọ́gọ́rin nílẹ̀ yẹn, ó sì rántí ìlú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ àti àwọn òbí ẹ̀ títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ kò ní fóònù tó máa fi pe ilé.

Màmá Tómi:

Kí n fi èyí kún un kí n tó lọ sùn torí aago márùn-ún ni mo máa wọ iṣẹ́. Ẹ má ra ilé lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ háyà, bóyá Saraland tàbí West Mobile, kí ìgbà ìjì kan kọjá lójú yín, láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí àdúgbò tí omi ń dúró sí àti èyí tí kì í dúró sí. Kí ọkọ yín bi wọ́n kó tó fọwọ́ sí ìwé, bóyá iṣẹ́ A320 ni wọ́n ń gbà á sí àbí A220, àti iṣẹ́ òru tàbí ti ọ̀sán, torí ìyẹn ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ lè gbé. Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Alabama ní kíákíá náà. Tí láísẹ́ẹ̀sì Texas yín bá jẹ́ èyí tó kan ìpínlẹ̀ púpọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, torí Alabama náà wà nínú àdéhùn yẹn, kẹ́ ẹ wá gba tìbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó dé. Ẹ fi méèsèjì sí mi tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá wo ilé, màá mú yín yíká.